Mo Gbé Géètì Yín Kúrò Lójú Ṣọ́ọ̀bù

Bàbá mi, Wẹ́dà tèmi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú, torí mo ti gbé géètì yín kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni, géètì ilé ìwé, èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín jó irin rẹ̀ pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tí mo wọ kíláàsì kìíní. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wá pàṣán. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Ẹ ò dúró rí i nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá àgbà ní ilé ìwé yẹn gan-an. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kí n tó rántí pé ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo kàn dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Àwọn ará Bàrígà ò tilẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ojú wọn ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé tí mo di ọ̀gá rẹ̀ yìí ń jò, Bàbá. Atẹ́gùn ti ká páànù orí kíláàsì kẹrin lọ. Bí òjò bá ti ṣú láti apá ọ̀sà ní Ìlàjẹ báyìí, kíá la ó ti kó àwọn ọmọ náà lọ bá kíláàsì kẹta. Wọ́n á fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tíṣà méjì á máa pariwo lé ara wọn lórí, ọ̀kan ń kọ́ ìṣirò, èkejì ń kọ́ Yorùbá. Mo bi ọmọ kan lọ́jọ́ kan pé kí ni márùn-ún lọ́nà mẹ́ta. Ó ní àmì ohùn.

Ọdọọdún ni mò ń kọ̀wé sí káńsù ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́ọ̀dù-wọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń pín owó àtúnṣe ilé ìwé níbẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú orúkọ àwọn ilé ìwé tó wà ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀ wá, wọ́n á sì pín in kárí. Tiwa nìkan ni kì í jáde. Ṣé ẹ rí i, àárín ọgbà wa ni ààlà wọ́ọ̀dù méjì gbà kọjá. Géètì yín àti pápá tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù iwájú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà. Gbogbo kíláàsì wà ní wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn. Bí mo bá lọ bá kánsẹ́lọ̀ iwájú, á ní kíláàsì tó ń jò kò sí lórí ilẹ̀ òun. Bí mo bá lọ bá ti ẹ̀yìn, á ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kò sí ládùúgbò òun. Àwọn méjèèjì á wá fún mi ní mínírà tútù, wọ́n á sì sìn mí jáde. Mínírà yẹn sú mi, Bàbá.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan dé sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn ilé ìwé. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó tẹ̀lé mi wá, ó fẹsẹ̀ rin ọgbà wa yípo, ó wo géètì, ó wo kíláàsì, ó wo máàpù ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mà, ẹ gbé géètì yín lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Tí géètì àti kíláàsì bá ti wà lójú kan, ta ló máa lóun ò ní yín?”

Pẹ́rẹ́ báyẹn! Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti fi ń mu mínírà!

Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, inú mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé kíláàsì kẹrin nílò òrùlé. Ṣùgbọ́n ojú ibi tẹ́ ẹ fi géètì yẹn sí gan-an ni mo fẹ́ràn. Ẹ rántí? Láràárọ̀, tí mo bá ti dé ibẹ̀, màá yíjú padà. Ẹ̀yin náà ẹ máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró lódìkejì ọ̀nà, ẹ máa ká awò dúdú yẹn sókè orí, ẹ máa na ìka méjì sí mi. Ẹ ò pa á jẹ rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ibà dá yín dùbúlẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan tí tíṣà kọ́ wa lọ́jọ́ náà.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fa ẹsẹ̀, kí n tó lọ bá Múfútáù, ọmọṣẹ́ yín àtijọ́, tó di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi tú géètì. Ha, ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó.

“Màdáàmù, ọ̀nà ẹ̀yìn náà ṣáà ni wọ́n fi àyè géètì yẹn sí tẹ́lẹ̀! Ọ̀gá ló lọ bẹ bíríkìlà pé kó dí i, kó la òmíràn síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin lẹ máa ń ké bí ewúrẹ́ ní gbogbo àárọ̀. Ọ̀gá ní òun fẹ́ kẹ́ ẹ máa rí òun.”

Wẹ́dà! Ṣé ẹ̀yin lẹ fà á? Ṣé torí ẹkún tèmi ni odindi ilé ìwé ṣe kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fẹnu kan án fún mi rí? Ojú tì mí nítorí àwọn ọmọ tí òjò ti ń pa, inú mi sì dùn débi pé mo di ògiri ṣọ́ọ̀bù mú, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ẹ fẹ́ràn mi, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó tó báyẹn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òbí ní ká ra géètì tuntun, ká ta èyí fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ. Múfútáù ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ó kùn ún ní búlúù, ó sì gbé e sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò síbì kan tó já níbi tẹ́ ẹ ti jó o pọ̀. Kò sí rárá.

Orúkọ wa sì jáde! Kánsẹ́lọ̀ ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí káńsù. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, ó tilẹ̀ wá ya fọ́tò níwájú géètì, ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló jó o. Èmi náà fún un ní mínírà tútù, mo sì sìn ín jáde. Lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí páànù tuntun, gbogbo kíláàsì kẹrin dákẹ́ lọ gbári, wọ́n ń wòkè, wọ́n ń retí kó kán sí wọn lórí. Kò kán. Ni wọ́n bá hó yèè! Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ ní Onípánu. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n dákẹ́, àmọ́ èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo.

Ó ku ohun kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ ṣí géètì sí ọ̀nà ẹ̀yìn, mo dúró tì í, mò ń kí àwọn ọmọ. Obìnrin aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kíláàsì kìíní, ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, omijé ti kún ojú rẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó yíjú padà. Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó ń fì í sókè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sáré wọlé.

Èmi wá yíjú sí apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí àyè géètì àtijọ́ níbẹ̀, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Mo na ìka méjì sí ògiri náà, Bàbá, mo sì wọlé lọ síbi iṣẹ́ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kì í ké mọ́ tó bá ń lọ sílé ìwé.