Orúkọ Tí Báńkì Bà Jẹ́, àti Fọ́tò Tí Ẹ Gbé Kúrò Lára Ògiri

Bàbá mi, Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ọyẹ́ tó ń la yín lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ilé àyágbé ni orúnkún mi kàn, kì í ṣe ilẹ̀ pálọ̀ wa. Mo kí Bàbá Olórí Ẹbí, mo kí Ìyá Àgbà tí ojú ń dùn, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí àwọn ẹbí ìyá mi ní Ìfọ́n, tí ẹ̀yin Bàbá ń pè ní àna. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Èmi náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, ẹ bá mi kà á sókè lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, kí gbogbo agbo ilé gbọ́. Mo sì ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa ní London níbí. Ohun tí wọ́n fi bà mí jẹ́, gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo fẹ́ dá a lóhùn.

Bùnmi àbúrò mi ló lọ sí Òṣogbo lọ tẹ̀ mí láago lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n má bínú. Ó ní Bọ̀dá Sámúẹ́lì tí a jọ wà ní London níbí ti pe ilé pé báńkì ti mú mi, pé mò ń kó owó olówó jẹ, pé orúkọ mi ti wọ ìwé àwọn gbájú-ẹ̀. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ohun tó gún mi lọ́kàn ni ohun tó ní ẹ ṣe, Bàbá. Ẹ kàn dìde, ẹ gbé fọ́tò mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbéyàwó yín kúrò lára ògiri, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo di fóònù mú títí ó fi gé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ní ìdájí mo máa ń lọ gbá ọ́fíìsì, mo ń nu tábìlì àwọn tí n kò rí ojú wọn rí. Lọ́sàn-án mo ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Àwọn kan ń bú mi, àwọn kan ń fi orúkọ ọmọ wọn pè mí. Òtútù ibí kì í ṣe irú ọyẹ́ tí ènìyàn ń yáná sí láàárọ̀ tí oòrùn yóò sì lé lọ. Inú egungun ló ń gbé. Nígbà míì, odidi ọ̀sẹ̀ á kọjá kí n tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi ní èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ Ìsinmi fi dùn mọ́ wa. Lẹ́yìn ìsìn, àwa ará Ìlobù àti ará Ìfọ́n máa ń péjọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì ni a ti bẹ̀rẹ̀ èésú. Ẹ mọ bí èésú ṣe ń lọ: kálukú á dá iye kan náà lóṣooṣù, ẹnìkan á kó gbogbo rẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ á kan ẹlòmíì, títí yóò fi kárí. Ẹni tó fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé láti sin òkú, èésú ló ń gbà á. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú owó, ará Ìlobù kò fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ará Ìfọ́n, ará Ìfọ́n náà yarí pé àwọn kò ní gbé e fún ará Ìlobù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti bá wa wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n wá wò yíká, wọ́n ní Fúnmi ni bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlobù tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, kò ní lè gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Bí mo ṣe di olùtọ́jú owó nìyẹn. Kò sí owó iṣẹ́ níbẹ̀, èébú nìkan ló wà níbẹ̀.

Inú àpótí lábẹ́ ibùsùn ni mo ń kó o sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí olè fọ́ yàrá tó kángun sí tèmi, mo ní kí wọ́n kúkú máa san án sínú akáǹtì mi ní báńkì. Mo rò pé mo gbọ́n. Owó ń wọlé láti ọwọ́ àwọn tí orúkọ wọn kò jọ tèmi, tí oṣù bá parí, gbogbo rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ojú wa, èésú ni. Ní ojú báńkì, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń gbá ọ́fíìsì ló ń rí owó tí kò yẹ kó ní.

Lọ́jọ́ kan mo lọ gba owó fún Ìyá Táyé, obìnrin ará Ìfọ́n tó ń ránṣọ, torí òun ni oṣù yẹn kàn. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo ìwé mi, ó wò mí, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n ti ti akáǹtì náà pa, owó inú rẹ̀ kò sì ní jáde títí ìwádìí yóò fi parí. Kò sọ irú ìwádìí tí ó jẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo rí wọn.

Mo lọ sí báńkì mìíràn, wọ́n kọ̀ mí. Mo lọ sí òmíràn, wọ́n kọ̀ mí. Iṣẹ́ kan tó sàn ju èyí tí mò ń ṣe lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú akáǹtì nìkan ni wọ́n ń san owó oṣù sí, ó sì bọ́ lọ. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ló là mí lóye. Ó ní báńkì àkọ́kọ́ ti fi ìkìlọ̀ sí orúkọ mi pé oníjìbìtì ni mí, àwọn báńkì tó kù sì ń rí i. Ó ní òfin fún mi láyè láti béèrè ohun tí wọ́n kọ, kí n sì takò ó. Mo béèrè fún un, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ tí ẹ sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, tí Ìyá Àgbà fi oyin àti iyọ̀ tọ́ mi lẹ́nu kí wọ́n tó pè é, òun ni wọ́n kọ jìbìtì sí nídìí. Ẹni tó kọ ọ́ kò sì rí mi rí.

Mo kọ̀wé, wọ́n dákẹ́. Mo tún kọ, wọ́n wá ní kí n wá rí máníjà. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó ń fi ìka méjì mú ìwé mi bí ẹni mú aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí. Ó ní òun mọ Nàìjíríà, torí pé àwọn ará wa ti kọ lẹ́tà sí òun rí pé kí òun wá bá wọn pín owó epo. Ó béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ ni èésú. Mo ní rárá. Ó béèrè èlé tí mò ń jẹ níbẹ̀. Mo ní kò sí èlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò máa tọ́jú owó àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó báyẹn tí kò ní fọwọ́ bà á. Bàbá mi, ìbéèrè yẹn rí mi lára ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Kò rò ó rí láyé rẹ̀ pé ènìyàn lè mú owó olówó dání kí ọwọ́ má yún un. Ó wá ní kí àwọn tí mo ní wọ́n ni owó wá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Bọ̀dá Sámúẹ́lì ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ọmọ agbo ilé wa, tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ní ábídí. Òun ló kọ́kọ́ kó èésú wa, owó náà ló fi ra ọkọ̀ tó fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ó ní òun kò lè fi ìwé ìgbélùú òun wewu, ó ní bí òyìnbó bá ti kọ nǹkan, ó nídìí tó fi kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹlẹ́rìndòdò fún mi, n kò mu ún. Ó dá mi lójú pé kí n tó délé ló ti ń tẹ̀ yín láago. Inú bí mi sí báńkì, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Sámúẹ́lì kó mi nírìíra. Títí di òní, bí ó bá ń ka Bíbélì sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ojú tì mí kí n tó lọ bá Ìyá Táyé. Lásìkò yẹn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti gbóná nílé. Ará Ìfọ́n jókòó sápá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ará Ìlobù jókòó sápá kejì. Kí n tó kúnlẹ̀ tán ló ti ń bú mi. Ó ní kí n má tan ara mi o, òun ò tìtorí ìfẹ́ Ìlobù dá sí i. Òun ni èésú kàn, owó òun ló há sẹ́nu òyìnbó, àfi kí òun lọ yọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́tọ̀, èésú lọ́tọ̀. Ó wé gèlè, ó ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì, ti Ìfọ́n ti Ìlobù. Ẹni tó bá ní òun ò ráyè, á jókòó tì í títí tí yóò fi ráyè.

Bí a ṣe kún inú báńkì nìyẹn. Àga kò tó. Àwọn àgbà ọkùnrin kí máníjà kú iṣẹ́, wọ́n kí ìyàwó rẹ̀ tí wọn kò mọ̀, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò kojú sí. Ó pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Èmi àti Ìyá Táyé la wọlé kẹ́yìn, torí èmi ni mo ń túmọ̀ fún un. Máníjà bi í pé bí mo bá kó owó náà sá lọ ńkọ́, kí ni wọ́n dì mú. Ìyá Táyé wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun dáadáa. Ó ní sá lọ síbo? Ó ní Tíṣà ni bàbá ọmọ yìí ní Ìlobù, kò sẹ́ni ní Ìfọ́n tí kò mọ ilé rẹ̀, ó kọ́ ẹ̀gbọ́n òun níwèé, kò jẹ owó ilé-ìwé rí. Bí ọmọ rẹ̀ bá sá, ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ni àwọn yóò lọ jókòó sí, ojú rẹ̀ ò sì ní gbà á. Ó ní ohun tí àwọn dì mú nìyẹn, ó sì tó àwọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Máníjà kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé. Wọ́n ní àwọn ti yọ ìkìlọ̀ náà kúrò lára orúkọ mi, wọ́n ní bí ó bá ni mí lára, ó dun àwọn. Bí ó bá ni mí lára. Wọn kò bẹ̀ mí, wọn kò sọ ẹni tó kọ ọ́. Mo gba owó wa, mo ní kí wọ́n máa fi akáǹtì wọn ṣeré. Ìyá Táyé ka tirẹ̀ lójú mi, ó tún un kà, ó wá ní ọwọ́ mi náà ni kí èésú ṣì wà. Iṣẹ́ tó bọ́ kò padà wá. Bí mo bá sì ń kọjá níwájú báńkì yẹn, mo máa ń tu itọ́.

Bàbá mi, n kò bá yín jà. Mo mọ̀ pé ìtìjú ló gbé yín dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, lọ́jọ́ tí ará Ìfọ́n ń fi orúkọ yín dúró fún mi níwájú òyìnbó, ẹ̀yin ti dojú mi bolẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, n kò sì mọ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jèrè wa, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Mo fi aṣọ òtútù kan rán ẹni tó ń bọ̀ sílé sí Màámi. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, ti Ìlobù àti ti Ìfọ́n. Ẹ bá mi kí Ìyá Sámúẹ́lì náà, wọn kò ṣẹ̀ mí.

Báńkì tí kò mọ̀ mí ti pa ohun tó kọ rẹ́. Ó ku ògiri pálọ̀ yín. Bùnmi ní ẹ kò yọ ìṣó náà, ó ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀