Rachel Adékẹ́mi Ọlọ́runnísọ̀lá, Ẹni Tó Ṣe Ilé Ìgbẹ̀bí Lọ́ṣọ̀ọ́ Tí A Sì Tẹ́ Sórí Sìmẹ́ǹtì

A bí ìyá wa, Màmá Rachel Adékẹ́mi Ọlọ́runnísọ̀lá, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1936, ní Omifunfun, nínú ìdílé Babalọlá. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni wọ́n tọ̀tún tòsì. Bàbá wọn, Olóògbé Joel Babalọlá, jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó tí kì í bá ènìyàn jà àfi lórí ààlà oko. Ìyá wọn, Olóògbé Hannah Babalọlá, wà lára àwọn obìnrin mẹ́fà tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ nínú ilé àdúrà Aládùúrà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ní Omifunfun. Ọmọ márùn-ún ni Hannah bí. Màmá ni ìkẹta.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ka ìwé yìí kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní fún èmi tí mo kọ ọ́, "Bùnmi, ìwé òkú kì í ṣe ìwé ẹjọ́. Dín in kù." A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò dín in kù. Ìyá wa kò fọwọ́ rọrí kú, a kò sì ní kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ rọrí kú.

Ní ọdún 1943, wọ́n mú Màmá wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn ní Odigbó kí wọ́n lè rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní 1951. Ní 1952, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Oǹdó, wọ́n sì gba òmìnira ní 1955. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn àkọ́kọ́ gun ọkọ̀ akógẹdú wá sí Odigbó, àwọn fúnra wọn jókòó tì í, wọ́n dì í mú bí ọmọ.

Ní 1957, ìjọba gbé bàbá wa, Tíṣà Abraham Ọlọ́runnísọ̀lá, láti Ìkàrẹ́ wá sí Odigbó. Màmá wá wọn àwọn ọmọ ilé ìwé fún aṣọ, wọ́n sì rí àwòrán ayé tí tíṣà tuntun yìí gbé kọ́ sókè téńté nítòsí àjà. Wọ́n wò ó títí.

"Tíṣà, ta lẹ gbé àwòrán yìí kọ́ fún? Àwọn ọmọ ni àbí aláǹgbá?"

Bàbá sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn náà ni àwọn sọ àwòrán náà kalẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì ni àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé àwọn Babalọlá. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú ilé àdúrà ní oṣù Kejìlá ọdún 1958. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin jíǹkí wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ìyá tí wọ́n jẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa ọmọ ní nígbà tí a wà ní kékeré. Màmá na okùn sí i, wọ́n fi aṣọ pín in sí mẹ́rin, wọ́n ní kí oníkálùkù yan àwọ̀ tó wù ú. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ṣí aṣọ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ dúró níta kí wọ́n ní, "Àgò onílé o." Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ń kágò fún! Bí ọmọ náà bá sì ní òun kò tíì múra tán, wọ́n á dúró. Wọn kì í nani. Bí wọ́n bá bínú, èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi ń bá wa wí, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Ní 1962, Màmá gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Èbúté Mẹ́ta, Èkó, Alàájì Gàzálì, tí kò sí ẹni tó mọ àga onítìmùtìmù ṣe tó o. Wọ́n gbé ọmọ méjì dání, wọ́n lọ bá a. Alàájì ní òun kò kọ́ obìnrin níṣẹ́ rí, pé obìnrin kì í kan ìṣó.

Màmá ní, "Alàájì, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣó?"

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n kọ́ àga, wọ́n kọ́ bí a ti ń yan ọ̀dà, wọ́n kọ́ bí kọ́tìnì ṣe ń já sílẹ̀ tí kò ní ká. Ní oṣù Kẹta ọdún 1967, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ore, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé: ADÉKẸ́MI, A-TÚN-INÚ-ILÉ-ṢE. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni ogun dé. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọ̀rọ̀ ìjà Ore. A sá lọ sí Omifunfun, nígbà tí a sì padà, wọ́n ti fi àga Màmá dáná. Màmá gbá eérú rẹ̀, wọ́n tún pátákó kàn.

Nígbà tí owó epo dé, tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí títì márosẹ̀ Èkó sí Bìní sì la Ore kọjá, ilé ń yọ bí olú. Àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn oníkòkó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá láti Àkúrẹ́, gbogbo wọn ló ń wá Màmá. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yàrá kan, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ lófìfo láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn kan rò pé orí wọn kò pé. Àwọn yẹn náà ló tún padà wá bẹ̀ wọ́n.

Ní 1978, wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun kan sí ọ̀nà Odigbó. Ògiri àti páànù nìkan ló wà níbẹ̀, ó rí bí àká. Màmá ní kí wọ́n fi inú ilé náà sílẹ̀ fún àwọn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò gba ohunkóhun, wọ́n ní ọrẹ àwọn sí Ọlọ́run ni. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kòkó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí obìnrin tí ń rọbí má baà wà ní ìhòòhò lójú gbogbo ayé. Wọ́n ran aṣọ fóòmù tí omi kì í wọ̀. Wọ́n ṣe àga kúkúrú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan fún ìyá àgbà tó bá ń dúró ti ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé àdúrà bá wọn rán an. Ní oṣù Kìíní ọdún 1979, àwọn ẹni ńlá wá ṣí i. Wọ́n dárúkọ agbaṣẹ́ṣe, wọ́n dárúkọ alága, wọn kò dárúkọ Màmá. Nígbà tí a ń bínú, Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pe ara wọn. Ẹ wo obìnrin tó dùbúlẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ara kò tù ú?"

Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, ní ọ̀sán gangan, lọ́rì kan dúró níwájú ilé ìgbẹ̀bí náà. Alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o, Olóyè Oyèlọlá, ló rán an. Olóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé àlejò tirẹ̀ létí títì márosẹ̀, àwọn àlejò láti ìlú ńlá sì ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn yóò fi yá àwọn nǹkan náà lò. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́wẹ̀ẹ̀wàá ni wọ́n kó, wọ́n kó fóòmù, wọ́n ká kọ́tìnì. Àga kúkúrú àwọn ìyá àgbà pàápàá, wọ́n kó o. Wọn kò dá ẹyọ kan padà.

Màmá lọ bá Olóyè nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá bá wọn lọ, ẹnu Bàbá ni a ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé nítorí kọ́tìnì lásán ni ẹ ṣe ń gun ilé mi bí ẹṣin?"

Màmá ní, "Olóyè, ẹ pe àwọn ìyàwó yín jáde wá, kí ẹ sọ ọ́ níṣojú wọn pé kọ́tìnì lásán ni."

Ó ní kí wọ́n máa lọ. Màmá kọ lẹ́tà méje sí ìjọba. A ní ẹ̀dà wọn nílé. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Màmá tún ran kọ́tìnì mìíràn, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi abẹ́rẹ́ ran bẹ́ẹ̀dì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, èmi Ọlọ́runbùnmi tí mo ń kọ ìwé yìí bí ọmọ mi lórí ẹní nínú ilé tí ìyá mi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n fi àyà wọn ṣe ìrọ̀rí fún mi. Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń wa eyín wọn pọ̀.

Ní Thursday, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, Màmá ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Apá ọ̀tún wọn ti rọ. Ilé ìgbẹ̀bí náà ló súnmọ́ wa jù, ibẹ̀ ni a gbé wọn sáré lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Límátù, rí ẹni tí a gbé wọlé, ó ká ọwọ́ lérí.

Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin lẹ ṣe ibí, mi ò sì ní ibi tí mo lè tẹ́ yín sí."

Ahọ́n Màmá ti wúwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ wọn. "Má sunkún. Ìwọ kọ́ lo kó o."

Orí sìmẹ́ǹtì ni a tẹ́ ìyá wa sí. Límátù bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí wọn. Kò sí omi tí wọn yóò fà sí wọn lára, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn. Wákàtí méjì àti àbọ̀ kọjá kí awakọ̀ kan tó já àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wa. Màmá kò dé Oǹdó láàyè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n.

Ilé àdúrà ni a ti tọ́ wa dàgbà. Ìyá wa gbààwẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n gbàdúrà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló gbé lọ́rì wá.

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ikú Màmá, Olóyè Oyèlọlá ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Ó ní kí àwọn àlejò òkú wa wá wọ̀ sí ilé àlejò òun lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá wa, tí a kò gbọ́ kí wọ́n gbé ohùn sókè rí, dìde dúró. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún Olóyè pé orí ẹní ni àlejò wa yóò sùn. Ó ti mọ́ wa lára."

Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà sọ ọ́ káàkiri Ore. Ní Saturday, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Karùn-ún, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, àwọn obìnrin kóra jọ láìsí ẹni tó lu agogo: àwọn ti ilé àdúrà, àwọn ti mọ́ṣáláṣí, àwọn tí ń ta oúnjẹ létí títì, àwọn mìíràn láti Ago Alaye. Nọ́ọ̀sì Límátù wà láàárín wọn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ ilé àlejò náà.

Ọlọ́dẹ ní, "Ta ló rán yín?"

Ìyá àgbà kan ní, "Ìwọ ni kí o sọ ẹni tó rán àwọn tó kó bẹ́ẹ̀dì wa wá síbí."

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lérí, wọ́n gbé fóòmù lérí. Wọ́n bá kọ́tìnì Màmá nínú yàrá tí wọ́n ti ń mu ọtí, wọ́n ti ń fi í nu tábìlì. Nígbà tí wọ́n dé títì márosẹ̀, àwọn ọkọ̀ akógẹdú àti bọ́ọ̀sì dúró lọ́tùn-ún lósì títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá méjì wá bi Bàbá pé ta ni olórí àwọn obìnrin náà.

Bàbá ní, "Olórí wọn wà nínú yàrá òkú ní Oǹdó. Ẹ lọ mú un níbẹ̀."

Wọn kò padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ti wà ní àyè wọn, obìnrin sì ti ń bímọ lórí wọn. Mẹ́rin ṣì kù. A mọ ilé tí wọ́n wà. Olóyè Oyèlọlá ṣì ni alága títí di òní, Friday, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 1981, tí a ń gbé ìyá wa wọlẹ̀. Bí ó bá wà láàárín wa níhìn-ín, àyè rẹ̀ kò sí níwájú.

Màmá fi ọkọ sílẹ̀ sáyé, Tíṣà Abraham Ọlọ́runnísọ̀lá. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Ọlọ́runbùnmi, Ọlọ́runtóbi, Babáfẹ́mi àti Adébọ́lá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ kan sílẹ̀, Ọlásúnkànmí, tí kò tíì mọ orúkọ wọn pè. Wọ́n sì fi ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀.

Adékẹ́mi, ọmọ Babalọlá, aya Tíṣà, ìyá tí ń kágò fún ọmọ tó bí, ilẹ̀ Omifunfun á tẹ́ ọ dáadáa. Kí Olúwa fún ọ ní àyè tí ẹnikẹ́ni kò lè yá lò. Sùn re o, ìyá wa. Sùn fọnfọn.

Àwa kò ní sùn.