Kọ̀ǹpútà Tó Ka Ohùn Bàbá Mi sí Ariwo

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Rélùwéè.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Adúmáadán,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ tó ní òun kàn yà kí yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, àbí wọ́n ti di onílé? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, mo gbàdúrà pé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Àwa náà wà. A ò kú, a ò sì sinmi.

O béèrè bí iṣẹ́ abẹ Bàbá mi ṣe lọ. Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà rí kókó kan lọ́nà ọ̀fun wọn, ó ní ó gbọ́dọ̀ jáde, ṣùgbọ́n bó bá ń jáde lọ, ó lè mú ohùn dání. O sì mọ ohun tí ohùn jẹ́ fún Bàbá. Ìkéde ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn ṣe ní ibùdókọ̀. Nínú ilé pàápàá, bí ìkéde ni wọ́n ṣe ń béèrè omi mímu. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ fi ní ká gba ohùn náà sílẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi ní òun ni yóò ṣe é. Fíríìjì ni ọkọ mi ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ní wáyà, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ó so máìkì tuntun mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí yóò ṣe gba ohùn, ó bá àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń fi àmì sí lójú rẹ̀. Gbogbo wọn pátá ló fi àmì sí. Mo bi í bóyá ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó ní bí wọn ò bá wúlò, wọn ò ní wà níbẹ̀. Ìyàwó rere kì í bá ẹnjiníà jiyàn.

Bàbá wọ kóòtù iṣẹ́ wọn àtijọ́. Kóòtù, fún ohùn! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ-ọmọ nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ ń lọ geere bí ìkéde, kò gòkè, kò sọ̀. Màámi jókòó tì wọ́n, wọ́n ti búra pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀. Nígbà tí Bàbá dé ibi pé kí a máa tọ́jú ohun tó wà níkàáwọ́ wa, ara Màámi ò gbà á mọ́.

"Bí ẹ ṣe tọ́jú agboòrùn mi tí ẹ gbàgbé sínú ọkọ̀?"

"Irọ́! Ìwọ lo gbé e sórí bẹ́ǹṣì!"

Agboòrùn yìí ti sọnù kí n tó gbọ́njú, wọn ò tíì sin ín. Ìjà náà gbóná dáadáa kí Bàbá tó rántí pé ìmọ̀ràn làwọn ń gbani, wọ́n sì fara balẹ̀ parí rẹ̀.

A tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́. Kò sí ìmọ̀ràn! Ó pa lọ́lọ́ ni. Ṣàdédé ni agboòrùn jáde ketekete, Màámi ń fọhùn, Bàbá ń jágbe, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ tún pa lọ́lọ́. Ọkọ mi ní máìkì ló jìnnà, ó sún un mọ́ Bàbá lẹ́nu. Ó ní ohùn ló kéré, ó gbé e sókè títí ó fi ń han. Ó ní ògiri ni, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri. Ó ní fáànù ni, a pa fáànù, a sì ń làágùn. Ní gbogbo ìgbà náà, Bàbá ń tún ìmọ̀ràn sọ, ohùn wọn sì ń há sí i. Ohùn tí a fẹ́ tọ́jú, àwa gan-an là ń lò ó tán. Inú bí mi, n ò purọ́.

Mo ní kí ọkọ mi dìde, mo ka àlàyé àwọn àpótí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tó ń mú ariwo kúrò. Ohun tó bá ti ń dún lọ láìgòkè láìsọ̀, bíi fáànù, bíi fíríìjì, ó ń pa á rẹ́ ni. Adúmáadán, ọkọ mi tó ń tún fíríìjì ṣe ti ka bàbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ fíríìjì! Ìgbà tí Bàbá bínú nìkan ni kọ̀ǹpútà gbà pé èèyàn ni wọ́n. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo yọ àmì náà kúrò, mo ní kí Bàbá máa wí. Wọ́n la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ọjọ́ kejì la gbé wọn lọ sílé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ náà.

Kókó ti jáde, ara wọn ń yá, a dúpẹ́. Ohùn ò padà. Ìjà agboòrùn nìkan ló wá kù nínú kọ̀ǹpútà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi ní kí n tẹ̀ ẹ́ fún àwọn. Bí ìjà ṣe parí, wọ́n yíjú sí Bàbá, wọ́n ní, "Mo ṣì ń sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ gbàgbé ẹ." Bàbá la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Omijé bọ́ lójú mi. Bàbá wá na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, wọ́n rọra wá ibì kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́: "Irọ́! Ìwọ lo gbé e sórí bẹ́ǹṣì!" Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di Bàbá lọ́wọ́ mú. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jà, Bàbá ò sì jẹ́ kí ọkọ mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà mọ́. Màámi ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé ọkọ, Bàbá ò tíì dá àwọn lóhùn kíákíá tó báyìí rí.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ọkọ mi ní bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ ránṣẹ́ sí òun. Jọ̀ọ́, ẹ má ránṣẹ́. Màámi kí ọ. Bàbá juwọ́ sí ọ.

Èmi ni tìrẹ, lójò lẹ́ẹ̀rùn,

Eyínfúnjowó