Màmá Àgbà Kò Ní Gun Ìwọ̀n Àgbàdo Mọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò tíì tẹ ẹ̀yìn rẹ? Ṣé ò ń jẹun, àbí ò ń tọ́jú aláìsàn títí ebi fi ń sọ ìwọ náà di aláìsàn? Ọlọ́run á máa dúró tì ẹ́ ní wọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ tí o gbé fún ẹlòmíì kò ní gún ẹ lọ́wọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń fa irun mi, nítorí náà ibi tí o bá ti rí i tí ìwé wọ́, òun ni kí o bá wí.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màmá àgbà ló jẹ́ kí n mú bírò. Egbò yẹn ti ń rùn, ó ti kọjá ohun tí omi gbígbóná ń wò, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó wà níbí. Fọ́ọ̀mù ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fún mi. Wọ́n béèrè ẹni tí àwọn máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Mo ní òun ò nílò nọ́ńbà, kí wọ́n ṣáà pè é. Ó wò mí títí, ó fagi lé e, ó ní kí n kọ bàbá rẹ, ẹni tí a máa ń pè láàárọ̀ tí kì í dáhùn títí di ọ̀sán.

Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ mọ bí màmá ṣe tẹ̀wọ̀n tó kí òun tó mọ iye oògùn tí òun máa fún wọn, pé bó bá kéré kò ní ṣiṣẹ́, bó bá pọ̀ jù á ṣe ìjàǹbá. Mo gbà. Wọ́n gbé ìwọ̀n pẹlẹbẹ kan sílẹ̀, màmá gùn ún, ó kọ E. Mo ní kí màmá má mikàn, E lèmi náà gbà nínú ìṣirò, mo ṣì ń fi téèpù ìránṣọ jẹun. Àṣé agbára ìwọ̀n náà ló pin síbẹ̀.

Ni ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn bá ní èyí tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo wà ní ìsọ̀ òdìkejì títì. Ọmọ mi, wọ́n há màmá sínú kẹ̀kẹ́ tóóró yẹn, wọ́n tì wọ́n sọdá títì. Aṣọ ilé ìwòsàn tí wọ́n wọ̀ kò pàdé lẹ́yìn, èmi aránṣọ ni mo ń sáré tẹ̀ lé wọn, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì pa á dé. Alágbàdo ka nọ́ńbà náà sókè bó ṣe ń ka àpò. Alábàárù kan ní èló ni kílò kan. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. N ò ní parọ́ fún ẹ, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu èmi náà, kí n tó rí ojú màmá.

Màmá tí ẹnu wọn mú ju sísọ́ọ̀sì mi lọ tẹ orí ba. Ìgbà tí a délé ni wọ́n ní kí ẹsẹ̀ máa jẹrà lọ, àwọn kì í ṣe àpò.

Mo padà lọ bá mátíróònù. Mo ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ránṣọ, n ò pariwo ìbàdí oníbàárà rí. Mo máa wọ̀n ọ́n, mo máa kọ ọ́, mo máa pa ìwé dé. Bí téèpù ò bá tó, èmi ni mo máa so méjì pọ̀, n kì í ní kí oníbàárà lọ gé ìdí rẹ̀ wá. Mátíróònù tẹríba, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn ò lè fi nọ́ńbà ìwọ̀n àgbàdo wọn oògùn. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá tí o wà yẹn ní ìwọ̀n tí èèyàn ń jókòó sórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì fífẹ̀, àga tí kò ní apá, àti ẹ̀rọ tó ń gbé aláìsàn dìde. Mo béèrè bóyá irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń yọ ẹ́ńjìnnì ni. Wọ́n ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní epo lára. Wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí a lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: "Ta ló máa ka nọ́ńbà yẹn?"

Mo ní ìwọ ni.

"Èyí tí kì í lè pa àṣírí mọ́ yẹn?"

Mo búra lórúkọ rẹ. Wọ́n ní ó dáa, àwọn máa wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tuntun náà ò gbọdọ̀ dé etí èmi pàápàá. Nítorí náà dúró dè wá lẹ́nu géètì pẹ̀lú àga fífẹ̀, ti ilẹ̀kùn kí o tó wọ̀n wọ́n, má sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá wòran.

Fi owó aṣọ ọ̀pá mẹ́fà ránṣẹ́, mo fẹ́ rán ẹ̀wù tó máa pàdé lẹ́yìn fún màmá. Má fi í sínú fóònù o. Kí egbò yẹn tó yọ, dókítà ti ní kí màmá máa rìn, kí fóònù máa ka ìṣísẹ̀ wọn. Nígbà tí wọn ò rìn, mo fi í sápò ara mi bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni wá. Ó ti ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún wọn kó tó já bọ́. Ó wà lọ́dọ̀ atúnfóònùṣe báyìí, n ò sì fẹ́ kó tú u kó bá owó wa nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó dá wa ní oríṣiríṣi ìwọ̀n fún ẹ ní ọwọ́ tó rọ̀. Kó sì bá mi di ẹnu rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.