Ẹyẹ Ọlọ́wọ́ Òsì ní Joubert Park

Ojúlé Kẹrìnlá,
Bertrams, Johannesburg,
South Africa.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2014.

Morádéyọ̀, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Àkànjí ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá rìn? Ara mi le níbí, mo dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé, inú mi kò sì dùn sí i. O ní o fẹ́ ta àwọn ìkòkò aró lópin oṣù yìí, pé ta ló tún ń ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Mo ti mọ èsì tí n óò fún ọ báyìí.

Ọkọ̀ mi bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ni mo bá fẹsẹ̀ rìn dé Joubert Park. Ọdún kẹfà mi rèé nílùú yìí, n kò fara balẹ̀ wò ó rí. Òdòdó jakaránda aláwọ̀ àlùkò bo ilẹ̀, mo ń wá ibi tí n óò gbẹ́sẹ̀ lé tí n kò ní tẹ̀ ẹ́. Nídìí iná ojú títì, tí wọ́n ń pè ní robot níbí, bàbá kan ń fi aṣọ nu ápù ọjà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan títí ó fi ń dán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tó pọn ọmọ ń sun àgbàdo. Àdìrẹ ló fi pọ̀n ọ́n. Kí n tó mọ̀, mo ti di etí aṣọ náà mú. Ó yára sún sẹ́yìn, ó ní, "Eish, sisi, kí lo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹyẹ ara aṣọ ni mò ń wò.

Apá òsì ni ẹyẹ gbogbo aládìrẹ àdúgbò wa ń kọjú sí. Tìrẹ nìkan ló ń kọjú sí ọ̀tún, torí ọwọ́ òsì lo fi ń mú ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́, bí Màmá ti na ọwọ́ náà tó. Ọ̀tún ni ẹyẹ ara aṣọ yìí kọjú sí.

Damaris lorúkọ obìnrin náà. Ó ní òun rà á lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kan, òun ti fi pọn ọmọ méjì, aró rẹ̀ kò sì ṣí. Orí mi wú. Mo sọ fún un pé àbúrò mi ló kọ ọ́. Mo sọ fún alápù. Mo tún sọ fún ẹni méjì tó wá ra àgbàdo, tí wọn kò bi mí.

Morádéyọ̀, má ta ìkòkò kankan. Damaris ti bẹ̀ mí fún òmíràn.

Bá mi kí Bàbá Àkànjí àti àwọn ọmọ. Kí Màmá náà. Wọ́n máa ń sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Sọ fún wọn pé ọwọ́ òsì rẹ ló júwe ilé bàbá wa fún mi ní Johannesburg.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Rìnsọ́lá.