Ojú Tí Tanímọ̀la Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Sùúrù, ajá wa, ti kú. Bí ẹ tilẹ̀ ti ṣaláìsí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ fún, torí ẹ̀yin lẹ fi wàrà bọ́ ọ nígbà tí Tanímọ̀la, ìyá rẹ̀, fọ́jú tó sì ń tẹ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fi omi iyọ̀ fọ ojú Tanímọ̀la láràárọ̀ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwé ìjọ lọ kọ́ àwọn ọmọ? Ẹ ní ejò ló tutọ́ sí i lójú. Kì í ṣe ejò, Bàbá. Nígbà tí Sùúrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ìkòkò omi, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ayétòrò. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó sì bi mí nípa ìyá rẹ̀.

"Inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn ojú yìí wà," ó ní. "Irú ajá òyìnbó tó ń da ẹran yìí, àrùn náà máa ń bá wọn wáyé ni. Kò sóògùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bímọ mọ́ o."

Ǹjẹ́ fadá tó fún yín ní Tanímọ̀la tiẹ̀ mọ̀?

Síbẹ̀ Sùúrù ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Etí àti imú ló fi ń da àwọn àgùntàn yín lọ sódò. Ọ̀nà yẹn ò léwu tẹ́lẹ̀, àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, ibẹ̀ làwọn onífàyàwọ́ ń gbé ìrẹsì gbà, tí ọ̀kadà wọn ń sáré bí ìjì. Sùúrù gbọ́ ariwo ọ̀kan, ó sì sáré lọ pàdé rẹ̀, kó má baà wọ àárín àgùntàn. Ọ̀kadà náà gbá a pa. Ẹni tó gun ọ̀kadà náà kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé á yà ni."

Mi ò lè bá a jà. Èmi nìkan ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tí mo sin ín.

Lánàá, àbúrò yín obìnrin tó wà ní Kétu, lódìkejì bọ́dà, pè mí. Abo tí wọ́n bí pọ̀ mọ́ Sùúrù, tí ẹ fún wọn, ti bímọ. Inú Àǹtí dùn. Wọ́n ní tí bọ́dà bá ti ṣí, àwọn á mú ọ̀kan wá fún mi. Mo sọ ohun tí dókítà wí. Mò ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ ajá náà.

"Àárọ̀ yìí lojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là," wọ́n ní. "Èmi ni wọ́n ń wò yìí."

Bàbá, Àǹtí á tún pè. Kí ni kí n wí?

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.