Mo Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Láti Máa Jẹ́ Ìpè

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àmójútó, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá Lásísì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Minna níbí. Mo kí bàbá wa, mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá wọn, mo sì kí àbúrò mi Mulikat tó máa ka lẹ́tà yìí fún yín. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Ìyá tó bá lọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tó ń wáṣẹ́, kó bá wa gbọ́ ọ.

Ara mi le. Ooru nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn. Ní Kpakungu tí mo ń gbé, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ògiri yàrá mi á gbóná bí ẹni pé wọ́n ń dáná lẹ́yìn rẹ̀. Omi inú àmù yín ni mo máa ń rántí. Hausa mi ti já gaara báyìí, oníkẹ̀kẹ́ kan bi mí lọ́jọ́sí bóyá ọmọ Hausa ni mí. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà tí mo háyà yàrá sí, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Yorùbá, ó sì ń dùn mí. Risikat ni wọ́n mọ̀ mí sí. Aunty Risi ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí. Kò sẹ́nì kan ní gbogbo Minna tó mọ̀ pé mò ń jẹ́ Àjọkẹ́.

Ẹ máa ń béèrè pé kí ni mo ń ṣe gan-an. Sitọ́ọ̀ oògùn ni, ibi tí àwọn oníkẹ́míìsì ti ń wá ra ọjà ní páálí-páálí. Ó gùn, ó sì ṣókùnkùn láàárín, nítorí pé àwọn pẹpẹ onírin tí a to páálí sí ga dé àjà. Láti ọdún tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n máa fi iṣẹ́ mọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Oṣù méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á gbé sátífíkéètì wọn wá nínú fáìlì, ìwé kún orí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé oògùn tó máa tètè bàjẹ́ la ń kọ́kọ́ gbé jáde, wọn ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń lọ bá ọ̀gá pé òun ṣàṣìṣe. Àwọn mìíràn á dúró tì mí lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń retí máàkì. Èmi náà ni mo ń kọ ìwé ìparí oṣù kejì. Ẹni tí mo bá kọ pé ó yege á dúró, ẹni tí mo bá kọ pé kò yege á padà sílé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ni pé bí wọ́n bá pè wọ́n, kí wọ́n dáhùn kíákíá láti ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n tó máa bọ̀. Láàárín pẹpẹ wọ̀nyẹn, ẹnì kan kì í rí ẹnì kejì. Tí o bá pe èèyàn tí kò jẹ́, o ò mọ̀ bóyá ó ti já bọ́ lórí àkàbà. Na'am ti àwọn Hausa ni gbogbo wa ń jẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, Màámi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí wọ́n bá pè mí, tí ojú mi ò tó ẹni tó pè mí, mi ò gbọdọ̀ jẹ́, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Ẹ ní kì í ṣe gbogbo ohun tó mọ orúkọ èèyàn ló jẹ́ èèyàn. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kì í pè mí láti inú kíṣìnì. Ẹ ó rìn wá, ẹ ó fọwọ́ kan èjìká mi, kí ẹ tó sọ pé Àjọkẹ́. Títí dòní, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù àfi tí mo bá kọ́kọ́ dárúkọ tíṣà tó nà mí ní pírámárì kejì. Mo máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí mo ríṣẹ́ níbí, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi gbé ẹ̀kọ́ yẹn jù sílẹ̀. Mo ní ayé ti lajú.

Nínú àwọn tó wá lọ́dún yìí, ọmọ Yorùbá kan wà tó ń jẹ́ Bùsáyọ̀. Minna ni wọ́n bí i sí, bàbá bàbá rẹ̀ ló bá iṣẹ́ rélùwéè débí. Ó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, tó bá sì sọ̀rọ̀, á po méjèèjì pọ̀. Orí ọmọ náà pé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti mọ ibi tí gbogbo páálí wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é láti iwájú, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dìgbà tó bá yọ sí mi, tó rí mi, kó tó dáhùn. Mo bá a wí títí. Ó dorí kodò, ó ní kí n má bínú, ìyá àgbà tó tọ́ òun dàgbà ní Sauka Kahuta, nínú Minna níbí, ló kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ jẹ́ ìpè ẹni tí òun ò rí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, Màámi, àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Dípò kí n gbèjà rẹ̀, mo ní ibi iṣẹ́ nìyí, kì í ṣe ilé ìyá àgbà ẹnikẹ́ni, àti pé bí kò bá tún dáhùn, màá kọ ọ́ pé kò yege. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo ilé wọn ń wò. Láti ọjọ́ kejì ni Bùsáyọ̀ ti ń jẹ́ na'am.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí mo lọ rí oníbàárà kan ní Bosso. Mo padà dé ní nǹkan bí aago méjì. Iná ti lọ, sitọ́ọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bùsáyọ̀ jókòó sórí páálí lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé ibo ni mo gbà jáde. Mo ní jáde níbo. Ó ní mo pe òun lẹ́ẹ̀mẹta láti ìparí sitọ́ọ̀, níbi tí a ń kó oògùn tó ti bàjẹ́ sí. Ó ní òun dáhùn bí mo ṣe kọ́ òun, òun sì wá, ṣùgbọ́n òun ò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ní ohùn mi ni, bí mo ṣe máa ń fa orúkọ òun nígbà tí inú bá ń bí mi. Sitọ́ọ̀ wa ò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń dáhùn níbi tí ẹnì kankan ò ti pè é. A lè jókòó ká máa jẹun, á gbé ṣíbí sílẹ̀, á ní na'am, á dìde. Bí a bá fà á padà, á bi wá pé ṣé a ò gbọ́ ni. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ń dáhùn náà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a níwájú pẹpẹ ìparí yẹn, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń mi orí, ó ń kọ nǹkan. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní kí n ní sùúrù, Aunty Risi ṣì ń rán òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Alhaji tó ni sitọ́ọ̀ rí i. Ó sọ innalillahi, ó ní ara ọmọ yìí ò yá, kí n kọ ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kó máa lọ sílé. Màámi, mo ronú títí. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, èmi sì ni àgbà náà. Ẹ kọ́ mi pé kí n má jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò kọ́ mi ní ohun tí ẹni tó ti jẹ́ ẹ máa ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ní kí gbogbo wọn jáde lọ jẹun. Èmi nìkan lọ sí ìparí sitọ́ọ̀. Òórùn oògùn tó ti pẹ́ gba ibẹ̀ kan. Mo sọ ọ́ sókè pé èmi ni mo kọ́ ọmọ náà láti máa dáhùn, kí ohun tó ń pè é fi í sílẹ̀, bó bá jẹ́ pé dandan ni kó pe ẹnì kan, kó pè mí. Mo jáde lọ bá Bùsáyọ̀ níta, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo wá pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo ojú mi, ó sì bú sẹ́kún.

Kò tún dáhùn òfìfo mọ́ láti ìgbà náà. Mo kọ ọ́ pé ó yege. Mo sọ fún Alhaji pé kí wọ́n fi í sí iwájú, níbi tí ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà ti ń rí ojú ara wọn, àti pé tó bá tún dáhùn òfìfo, kí wọ́n lé èmi àti òun lọ. Mo sì yí ẹ̀kọ́ mi padà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹnì kejì níbí báyìí, kó rìn lọ bá a. Alhaji ń ráhùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kó máa ráhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo jókòó sídìí tábìlì mi nígbà tí wọ́n pè mí láti ìparí sitọ́ọ̀. Kò pe Risikat, kò pe Aunty. Àjọkẹ́ ló pè. Ohùn yín ni, Màámi. Mo ti la ẹnu kí n tó fọwọ́ bò ó. Omijé bọ́ lójú mi, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹnì kankan ò ti pè mí bẹ́ẹ̀ nítòsí. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí báyìí, lákòókò kan náà. Mi ò jẹ́ ẹ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Lọ́jọ́ tí àárò yín bá sọ mí jù, ẹnu mi lè yọ̀, ẹyin sì lohùn.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Láti òní lọ, bí ẹ bá pè mí lórí fóònù, ẹ má pè mí ní Àjọkẹ́ mọ́. Ẹ pè mí ní Risikat bíi gbogbo ayé, kí n lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń pe Àjọkẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ bá mi tọ́jú Àjọkẹ́ sọ́wọ́. Bí mo bá dé lọ́jọ́ ọdún, kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan èjìká mi, kí ẹ wá sọ ọ́ iye ìgbà tó bá wù yín.

Ọlọ́run á jẹ́ kí a fojú rí ara wa. Á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kò ní jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọn ò ti pè wá. Ẹ bá mi kí bàbá wa, Ìyá Àgbà, Bọ̀ọ̀dá Lásísì àti gbogbo ará ilé. Bùsáyọ̀ ní kí n kí yín. Mo ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ fífọwọ́ kan èjìká, ó ní òun ń dúpẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Risikat.